Ta ni yóò dúró ti bẹ́ẹ̀dì? Owó oṣù àti iye nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn ayé òyìnbó

Ọmọ Òde (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Níbi ìpàdé regbẹ́rẹgbẹ́ wa (ẹgbẹ́ àwa tí ọjọ́ orí wa sún mọ́ra) tó kọjá, a ń jíròrò ohun tí a ó fi ta ìlú lọ́rẹ kí Ojúde Ọba tó dé. Àwọn kan ní ká ra bẹ́ẹ̀dì tuntun fún ilé ìwòsàn kan nílùú. Ẹ̀gbọ́n wa kan wá dìde, ó ní láyé òyìnbó, nọ́ọ̀sì kún wọ́ọ̀dù bámúbámú, owó oṣù wọn tó wọn í jẹ, ó tún ń ṣẹ́kù. Ó ní àwa aláwọ̀ dúdú la ba nǹkan jẹ́ lẹ́yìn òmìnira. Ọ̀pọ̀ èèyàn pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ náà ò wọ̀ mí létí. Ìyá tó bí màmá mi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí a tó gba òmìnira. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa ni pé lóru, àwọn àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ṣoṣo ló máa ń wà ní wọ́ọ̀dù tó kún fọ́fọ́. Sístà òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn ń gbé ilé ìjọba, àwọn ń fi owó ara wọn háyà yàrá. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn ọ̀hún.

Ìbéèrè mi rèé: báwo ni wọ́n ṣe ń san owó fún nọ́ọ̀sì nígbà yẹn gan-an, báwo ni wọ́n sì ṣe ń pinnu iye èèyàn tó máa wà ní wọ́ọ̀dù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó sọ ọ́. Owó àwọn èèyàn ni a fẹ́ ná, mi ò fẹ́ ká ná an lórí ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀.

Bàbá Tíṣà (Ìpẹru)

Ọmọ Òde, o ṣeun. Ìtàn ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yìí sì ti ń dùn mí láti ìgbà pípẹ́, nítorí náà ẹ gbà mí láàyè kí n sọ ọ́ gùn díẹ̀.

Lọ́dún 1892 ni òyìnbó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú lógun Ìmagbọn. Lọ́dún 1896, àwọn kan dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n pè ní Colonial Nursing Association. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni láti máa wá nọ́ọ̀sì òyìnbó, kí wọ́n máa fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ilẹ̀ tí ọba wọn ń ṣàkóso. Ta ni wọ́n ń bọ̀ wá tọ́jú? Àwọn òyìnbó tí ibà ń pa lẹ́bàá òkun wa ni. Ọ̀nà tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ìjọba gbà wọlé nìyẹn. Ní Èkó, ilé ìwòsàn òyìnbó wà lọ́tọ̀, ti aláwọ̀ dúdú wà lọ́tọ̀, ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ àwọn dókítà, torí ibẹ̀ ni àpẹẹrẹ ti hàn gbangba jù. Dókítà Ògúntọ́lá Sápárà kàwé ní Ìlú Ọba, ó sì wọ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó lọ́dún 1896. Nígbà tó di 1902, wọ́n kó gbogbo dókítà ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ sábẹ́ ẹgbẹ́ kan, West African Medical Staff, wọ́n sì ní aláwọ̀ dúdú kò lè wọ inú rẹ̀. Àwọn dókítà dúdú wà nínú ìwé tiwọn lọ́tọ̀, owó wọn kéré sí ti òyìnbó, òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì lè di ọ̀gá dókítà dúdú tó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni gbogbo wọn ti jáde o.

Bí wọ́n bá ṣe èyí fún dókítà, tí ọ̀ràn bá wá kan nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ nínú ilé ìwòsàn níbí, kí la rò pé yóò ṣẹlẹ̀? Àkàbà méjì ni wọ́n gbé kalẹ̀. Sístà òyìnbó wà lórí ọ̀kan: owó oṣù tó gbé pẹ́ẹ́lí, ilé àti àga lórí ìjọba, owó ọkọ̀ ojú omi lọ àti bọ̀, ìsinmi olóṣù gbọọrọ nílé. Nọ́ọ̀sì dúdú wà lórí èkejì, àkàbà náà sì kúrú. Bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó, ibì kan wà tí kò lè gùn kọjá.

Ẹ̀gbọ́n yín tó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé kò parọ́ tó bá jẹ́ ilé ìwòsàn òyìnbó ló rí. Ibẹ̀ kún. Tiwa kò kún.

Ọmọ Ìgbó (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Bàbá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì, nítorí ìṣirò owó ni iṣẹ́ mi.

Ẹni tó bá fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ wá síbi tí ibà lè pa á, owó rẹ̀ yóò pọ̀ ju ti ẹni tó wà nílé lọ. Níbikíbi láyé ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ wa náà ń ṣe é lónìí fún ẹni tí wọ́n bá gbé láti ìlú kan lọ sí ìlú mìíràn. Èkejì, ìjọba òyìnbó ní òfin kan tí wọn kì í yẹ̀: ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò fi owó tó bá pa wọlé bọ́ ara rẹ̀. Owó orí, owó ibodè lórí ọjà, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Kò sí owó púpọ̀ láti san. Ṣé kí wọ́n san owó sístà fún gbogbo nọ́ọ̀sì, kí ilé ìwòsàn wá ku méjì péré?

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù

Ọmọ Ìgbó, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín gan-an ló tú àṣírí náà. Bó bá jẹ́ pé inú àpò kan ṣoṣo ni gbogbo owó ti ń jáde, tí àpò náà sì kéré, a jẹ́ pé owó kòkó àti owó epo pupa àwọn bàbá wa ni wọ́n fi ń san ilé, ọkọ̀ àti ìsinmi sístà. Wọ́n kọ́kọ́ yọ tiwọn, wọ́n wá fi èyí tó kù wá nọ́ọ̀sì fún wa. Àìsí owó nìkan kọ́ nìyẹn. Ẹnì kan jókòó, ó pinnu ẹni tí àìtó yóò kàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan tí àwọn tí kò ṣe iṣẹ́ yìí kì í mọ̀. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bí nọ́ọ̀sì kan bá ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀, èèyàn mẹ́rin ó lé díẹ̀ lẹ máa gbà síṣẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo tó lè wà ní wọ́ọ̀dù tọ̀sán-tòru. Ẹ fi ìsinmi ọdọọdún kún un, ẹ fi àìsàn kún un, ẹ fi ìsinmi ìbímọ kún un, ó di márùn-ún. Bí ẹ bá fẹ́ kí nọ́ọ̀sì méjì wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, mẹ́wàá nìyẹn. Wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo o! Bí ìjọba bá wá fún yín ní nọ́ọ̀sì mẹ́fà fún wọ́ọ̀dù kan, lójú ìwé ó dà bí ẹni pé ó pọ̀. Lóru, ẹnì kan ni yóò wà níbẹ̀, bí ẹni yẹn bá sì lọ wá omi abẹ́rẹ́, kò sí ẹnikẹ́ni.

Báwo wá ni ilé ìwòsàn ayé òyìnbó ṣe ń rìn pẹ̀lú nọ́ọ̀sì díẹ̀? Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló ń gbé e. Ìyá àgbà Ọmọ Òde ti sọ ọ́ lókè: àwọn àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló ń wẹ aláìsàn, òun ló ń gbé ìgbẹ́ àti ìtọ̀ dànù, òun ló ń se báńdéèjì, òun ló ń jí lóru. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fún un nítorí wọ́n ní ẹ̀kọ́ ló ń kọ́. Bó bá kọ́ṣẹ́ tán, tó yẹ kí owó rẹ̀ gòkè, wọ́n tún gba ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tuntun. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà kí a máa ya ọ̀rọ̀ owó oṣù sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ iye òṣìṣẹ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú ló jẹ́ kí wọ́n lè máa san owó kékeré, òun náà ló jẹ́ kí wọ́n lè máa sọ pé èèyàn tó.

Ìyá Ìbejì (Odò-Ṣẹ́ńlù)

Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á fún yín lágbára. Nígbà tí wọ́n dá ọkọ mi dúró nílé ìwòsàn, èmi ni mo ń pa omi dà lára rẹ̀, èmi ni mo ń wo omi tí wọ́n so kọ́ bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn ni. Ẹnì kan ò sọ fún mi pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni.

Àbúrò Ìlíṣàn

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni mí. Wọ́n kọ́ wa ní ìtàn iṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ wa ní èyí. Bàbá Tíṣà, bí ó bá jẹ́ pé inú ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì, ìwé ẹ̀rí wo ni wọ́n ń fún wọn? Ṣé wọ́n lè fi wá iṣẹ́ síbòmíràn?

Bàbá Tíṣà (Ìpẹru)

Ọmọ mi, ìbéèrè gidi lo bi yẹn. Ibẹ̀ ni okùn wà.

Òfin àwọn agbẹ̀bí ló kọ́kọ́ dé, lọ́dún 1930, tí ìgbìmọ̀ kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ agbẹ̀bí sínú ìwé. Ti nọ́ọ̀sì kò dé títí di 1947. Kó tó di ìgbà náà, ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan, ti ìjọba àti ti ìjọ, ló ń kọ́ tirẹ̀ bó ṣe fẹ́, tó sì ń fún un ní ìwé. Ìwé yẹn kò níyì ní Ìlú Ọba. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò níyì lọ́dọ̀ ẹni tó ń sanwó, kí ni yóò fi béèrè owó púpọ̀? Bó bá bínú fibẹ̀ sílẹ̀, ibo ni yóò lọ? Wọ́n á sọ pé àwọn ò lè sọ ọ́ di sístà nítorí kò kàwé tó sístà. Bẹ́ẹ̀ àwọn fúnra wọn ló yẹ kó dá ilé ẹ̀kọ́ tí yóò jẹ́ kó kàwé tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ọdún 1952 ni ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti UCH, University College Hospital, bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ ṣírò ọdún tó wà láàárín ìyẹn àti 1896.

Ẹ wo Kofoworola Abeni Pratt, ọmọ Èkó tí wọ́n bí lọ́dún 1915. Iṣẹ́ tíṣà ló kọ́kọ́ ṣe. Ìgbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' Hospital, lọ́dún 1946. Obìnrin yẹn mọ iṣẹ́ débi pé kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Síbẹ̀ ọdún 1964, lẹ́yìn tí a ti gba òmìnira, ni ọmọ Nàìjíríà kọ́kọ́ di mátróònù (ọ̀gá gbogbo nọ́ọ̀sì) ní UCH, òun náà sì ni.

Ọmọ Rẹ́mọ (Lọ́ńdọ̀nù)

Mo ń ka gbogbo yín láti ibi iṣẹ́, mo wà lórí iṣẹ́ òru. Nọ́ọ̀sì lèmi náà, ọmọ Òde Rẹ́mọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìhín kún un. Àwọn òyìnbó mọ̀ dájú pé owó tí kò dára kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó. Nígbà tí ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì ò tó wọn, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ Rushcliffe kalẹ̀. Lọ́dún 1943, ìgbìmọ̀ náà gbé òṣùwọ̀n owó oṣù kan kalẹ̀ fún gbogbo nọ́ọ̀sì ní Ẹ́ńgíláńdì àti Wales, ó sì dábàá pé kí iṣẹ́ má kọjá wákàtí 96 lọ́sẹ̀ méjì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ayé ìgbà yẹn ni kò tíì mọ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n fún ilé ara wọn.

Nígbà tí ètò ìlera wọn, NHS, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1948, èèyàn ò tó. Ibo ni wọ́n yíjú sí? Àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Àwọn ọmọbìnrin wa wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé ìwé ẹ̀rí ńlá ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà, wọ́n wá darí wọn sí ti ọlọ́dún méjì, SEN (State Enrolled Nurse), tí kì í jẹ́ kí èèyàn gòkè, tí kò sì wúlò tó bẹ́ẹ̀ nílé. Àǹtí kan tó gbà mí sílé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé wà lára wọn. Ó ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò di sístà rí. Inú máa ń bí mi bí mo bá rántí.

Ọmọ Ìgbó (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ọ̀rọ̀ Rushcliffe yẹn mú mi dákẹ́ díẹ̀. Mo ṣì fẹ́ béèrè: ṣé àwọn òṣìṣẹ́ wa kò pariwo ni? Ìjẹ̀bú tí mo mọ̀ kì í gba ìyà owó ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Bàbá Tíṣà (Ìpẹru)

Wọ́n pariwo. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ti wà láti 1912. Nígbà ogun, ọjà gbówó lórí, owó oṣù dúró sójú kan. Lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ní pàtàkì àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí Michael Imoudu jẹ́ aṣáájú wọn. Ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó padà. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí wọ́n fi ìdajì kún owó àjẹmọ́nú ọ̀wọ́n gógó, kí òṣìṣẹ́ tó kéré jù sì máa gba ṣílè méjì àti sísì lóòjọ́. Ìgbìmọ̀ Tudor Davies jókòó lórí rẹ̀, wọ́n sì rí àfikún gbà.

Nígbà kan náà, ìgbìmọ̀ Harragin ń yẹ owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba wò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láàárín 1945 sí 1946. Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Tẹ́lẹ̀, ipò òyìnbó àti ipò ọmọ Áfíríkà ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn Harragin, ó di Senior Service àti Junior Service, wọ́n sì ya owó àjẹmọ́nú sọ́tọ̀ fún ẹni tó ti òkè òkun wá. Sístà wà lókè, àwọn nọ́ọ̀sì wa wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú akọ̀wé kékeré àti àwọn míì. Ó ṣeé ṣe nísinsìnyí kí aláwọ̀ dúdú wọ òkè, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwé tí yóò gbé e débẹ̀ ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ó di 1947 kí ohun mìíràn tó mì wọ́n. Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba òyìnbó fúnra rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú, dé Èkó, òtẹ́ẹ̀lì Bristol kọ̀ láti gbà á. Ariwo sọ. Gómìnà Richards wá pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ àwọ̀ dópin ní irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀, ó sì kan ilé ìwòsàn òyìnbó pẹ̀lú. Lọ́dún 1948, ìgbìmọ̀ Foot sọ pé kí wọ́n má gba àlejò síṣẹ́ ìjọba mọ́ bí ọmọ Nàìjíríà tó yẹ bá wà.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù

Bàbá Tíṣà, ẹ ṣé. Mo fẹ́ fi ohun kan kún ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì. Òṣìṣẹ́ rélùwéè lè fi ọkọ̀ sílẹ̀ lójú irin, ọkọ̀ ò ní kú. Nọ́ọ̀sì kò lè fi ọmọ tí gìrì ń gbé sílẹ̀. Àwọn tó ń san owó wa mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà, wọ́n sì ń lò ó. Gbogbo ìgbà tí a bá béèrè ẹ̀tọ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ ni pé iṣẹ́ àánú ni iṣẹ́ wa. Àánú wà níbẹ̀, èmi náà mọ̀, mo ti sunkún lórí òkú tí kì í ṣe ìbátan mi. Ṣùgbọ́n dókítà náà ń ṣàánú, adájọ́ náà ń ṣèdájọ́ òdodo, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fi ìdajì owó wọn sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Nǹkan méjì ló wà nínú rẹ̀ lójú tèmi. Wọ́n ní iṣẹ́ àánú ni, wọ́n sì ní iṣẹ́ obìnrin ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin pọ̀ láàárín nọ́ọ̀sì dúdú ìgbà yẹn. Obìnrin, wọ́n gbà pé ọkọ rẹ̀ ló ń bọ́ ọ.

Ọmọ Òde (Ìjẹ̀bú-Òde)

Àwọn ìyá wa Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń ṣòwò kiri, tí wọ́n ń kọ́lé, ni ọkọ ń bọ́?

Ìyá Ìbejì (Odò-Ṣẹ́ńlù)

Ẹ bá mi bi wọ́n o. Èmi ni mo san owó ilé ìwòsàn ọ̀hún.

Ọmọ Ìgbó (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ohun kan wà tí a ò tíì fọwọ́ bà. Gbogbo ohun tí Bàbá Tíṣà sọ, ìjọba gbogbogbòò ni. Àwọn N.A. (Native Authority, ìjọba ìbílẹ̀ ayé òyìnbó) ńkọ́? Ìjẹ̀bú ní N.A. tirẹ̀, Rẹ́mọ gba tirẹ̀ lẹ́yìn ìwádìí Martindale ọdún 1937, N.A. sì ni ó ń bọ́ àwọn dìsípẹ́ńsárì àti ilé ìgbẹ̀bí kéékèèké. Owó orí wa ló wà níbẹ̀ tààrà. Òṣìṣẹ́ N.A. àti òṣìṣẹ́ ìjọba kì í gba owó kan náà, bí iṣẹ́ bá tilẹ̀ jọra. Nítorí náà, a ò lè sọ pé òyìnbó nìkan. Àwọn ọba àti ìjòyè wa wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìṣirò owó.

Bàbá Tíṣà (Ìpẹru)

Òtítọ́ lo sọ, mo sì gbà á. Ohun kan ni kí o fi sí i: ajẹ́lẹ̀ ní ń yẹ ìṣirò náà wò, kò sí N.A. tó lè ná owó tí ajẹ́lẹ̀ bá fàgi lé. Ṣùgbọ́n àwọn tiwa ní ẹnu níbẹ̀. Bí wọ́n ti ń jà lórí ipò ọba àti ààlà ilẹ̀, wọn ì bá jà lórí owó agbẹ̀bí náà.

Nígbà tí ìjọba wá bọ́ sọ́wọ́ wa, nǹkan yí padà díẹ̀. Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún 1954. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba rẹ̀ sọ owó òṣìṣẹ́ tó kéré jù di ṣílè márùn-ún lóòjọ́, ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n béèrè ní 1945. Ó tún ní kí ìtọ́jú jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọ tí kò tíì pé 18. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì ń fi yangàn gẹ́gẹ́ bí ọmọ Rẹ́mọ. Ṣùgbọ́n àkàbà méjì yẹn, Senior àti Junior, a gbà á lọ́wọ́ òyìnbó bó ṣe wà. A kàn pààrọ̀ àwọ̀ ẹni tó wà lókè ni. Ìgbìmọ̀ lórí ìgbìmọ̀, Gorsuch, Morgan lọ́dún 1964, Udoji ní ìparí 1974, gbogbo wọn fi owó kún owó. N kò rí èyí tó jókòó béèrè pé nọ́ọ̀sì mélòó ló yẹ kó wà ní wọ́ọ̀dù kan lóru.

Àbúrò Ìlíṣàn

Ìyẹn ni pé nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì dáṣẹ́ dúró ní ìparí oṣù Keje ọdún 2025, ohun tí wọ́n béèrè jọ ti àtijọ́ gan-an: owó àjẹmọ́nú iṣẹ́ òru, òṣùwọ̀n owó tó jẹ́ tiwọn, kí ìjọba fi ètò ìgbéga wọn sínú ìwé ìjọba, kí wọ́n sì gba èèyàn sí i. Èmi ń jáde ilé ẹ̀kọ́ láìpẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi, bí èèyàn mẹ́ta bá jókòó, méjì ń sọ̀rọ̀ ìrìn àjò. Inú mi ò dùn sí i, ṣùgbọ́n mi ò lè bá wọn wí.

Ọmọ Rẹ́mọ (Lọ́ńdọ̀nù)

Àbúrò, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ọ lẹ́bi, bóo lọ, bóo dúró. Ọdún 2024 ni wọ́n gbé òfin kan jáde pé kí nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ tán ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé kí wọ́n tó lè jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún òkè òkun, àwọn nọ́ọ̀sì sì jáde lọ fẹ̀hónú hàn. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé wọ́n ronú bí wọ́n ṣe máa ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó ronú bí ilé ṣe máa tura. Bí wọ́n bá san owó tó tọ́, tí nọ́ọ̀sì mẹ́ta wà pẹ̀lú mi ní wọ́ọ̀dù, ǹ bá wà ní Ṣàgámù báyìí.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù

Àyè rẹ ṣì wà níbí, àbúrò mi. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ èsì mi àkọ́kọ́, èmi nìkan ni.

Ọmọ Ìgbó (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ọmọ Òde, ìmọ̀ràn tèmi lórí owó yín nìyí. Rírà bẹ́ẹ̀dì ogún síbi tí nọ́ọ̀sì ò tó, bí ẹni ra ìkòkò mẹ́wàá sílé tí kò níṣu ni. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn alákòóso ilé ìwòsàn náà. Ẹ bi wọ́n: nọ́ọ̀sì mélòó ló wà nínú ìwé, mélòó ló ń wá ní àárọ̀, ní ọ̀sán, ní òru, mélòó ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì tí wọn ò tíì fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn? Regbẹ́rẹgbẹ́ kò lè máa san owó oṣù nọ́ọ̀sì títí ayé, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ìjọba ni. Ṣùgbọ́n ẹ lè sọ fún ìjọba pé: a ó ra bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ tí ẹ bá gba nọ́ọ̀sì tí yóò dúró tì í, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún lè tún ilé àwọn nọ́ọ̀sì ṣe. Ẹni tó bá parí iṣẹ́ òru, tó tún ń wá ọ̀kadà lọ sí ìlú mìíràn, kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù

Ilé! Ẹ gbà mí, ìyẹn gan-an. Ohun tí wọ́n fún sístà ní 1930 tí wọn ò fún wa nìyẹn.

Ọmọ Òde (Ìjẹ̀bú-Òde)

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo sì ti fi ìṣirò wákàtí 168 ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹ̀gbọ́n tó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ti ka àwọn èsì yìí, wọ́n pè mí lórí fóònù, wọ́n ní ilé ìwòsàn tí àwọn ń sọ, bàbá àwọn ló ń ṣe dẹ́ríbà fún dókítà òyìnbó níbẹ̀. Ó jọ pé ibi tí Bàbá Tíṣà fura sí náà ni.

Bàbá Tíṣà, ṣé ibì kan wà tí èèyàn ti lè rí ìwé ìgbà náà, tí yóò fi iye owó àti iye òṣìṣẹ́ hàn fún agbègbè wa?

Bàbá Tíṣà (Ìpẹru)

Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba, National Archives, tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn fáìlì ìjọba òyìnbó ní Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, orí wọn ni wọ́n kọ Ije Prof sí. Béèrè fún ìwé ìṣirò owó ọdọọdún ti N.A. àti àwọn lẹ́tà nípa dìsípẹ́ńsárì. Mú pẹ́ńsù dání, wọn kì í fẹ́ bírò nítòsí ìwé. Bí o bá ń lọ, sọ fún mi, màá bá ọ lọ bí orúnkún mi bá gbà.

Kí àwọn tó kù sì wo inú àpótí ilé wọn. Ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé owó oṣù, ìwé ẹ̀rí ìyá àgbà, ẹ má ṣe dà á nù, ẹ má ṣe fi wé àkàrà.

Ìyá Ìbejì (Odò-Ṣẹ́ńlù)

Ìyá ọkọ mi ṣe agbẹ̀bí. Àpótí wọn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, a ò tíì ṣí i láti ọjọ́ ìsìnkú. Màá pe àwọn ọmọ wọn kí á jọ ṣí i lọ́jọ́ Àìkú.

Ọmọ Òde (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ ṣé gan-an, Ìyá Ìbejì. Bí ìwé bá wà níbẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi nǹkan bo orúkọ, kí ẹ sì gbé e síbí. Èmi àti Ọmọ Ìgbó ń lọ sí Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá Tíṣà, a ó yà gbé yín ní Ìpẹru.